Ọdẹ́labí nínú Igbó Ẹnu-Ò-Bára-Mu

Ẹ fà mọ́ra. Kí ẹni tó ń wúkọ́ wú u tán báyìí, nítorí bí mo bá ti ṣí ẹnu ìtàn yìí, n kò ní í pa á dé nítorí ẹnikẹ́ni. Èmi Akínbọ̀, tí mo fi ìbọn kan ṣoṣo lé ẹfọ̀n mẹ́ta wọ odò, n kì í ṣe òpùrọ́. Ẹ má wo iye eyín tó kù lẹ́nu mi. Àna mi ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí, Ọdẹ́labí, ọkọ àbúrò mi obìnrin. Ẹnu ara rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, tòun ti itọ́ tó ń tu sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá rántí ohun tójú rẹ̀ rí. Ìríra pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá gbà á, kó dìde kó lọ bá àwọn tó ń pa ẹ̀pà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún.

Ìbídùn ni àbúrò mi ń jẹ́. Obìnrin tó ń ru igi láti oko dé ilé láìsọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ni. Lójijì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Á máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ á já lẹ́nu rẹ̀, á sì wó lulẹ̀ bí ògiri tí òjò ti jẹ nídìí. Tó bá ṣe díẹ̀, á dìde, á ní kò sí ohun tó ṣe òun. Nígbà tó ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Àgọ́-Ọ̀pọ̀tọ́. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, Fadérera, ọmọ tí ojú rẹ̀ le tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́, so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn láyà. Ẹ̀rọ náà kò ju páálí ìṣáná méjì lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, kó sì máa kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sínú. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní kó fi wà láyà rẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, Ìbídùn tún ṣubú.

Nígbà tí ọjọ́ méje pé, Fadérera gbé ẹ̀rọ náà lé àtẹ́lẹwọ́ níwájú Ọdẹ́labí. Ó ní, "Bàbá, ohun tó ń ṣe wọ́n ti wà nínú èyí. A ó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, a ó sì fi ohun tó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà tó ń wo ọkàn ní ìlú ńlá. Bó bá jẹ́ pé ọkàn wọn ń sáré jù ni, oògùn kan wà tó ń fà á sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó ń dúró ni, oògùn yẹn á pa wọ́n. Dókítà ní òun ò ní í fọwọ́ kan nǹkan kan àfi tóun bá rí ti ọjọ́ tí wọ́n ṣubú."

Ó fa àpótí tábìlì. Ó kígbe, ó sì sún sẹ́yìn. Eku ti gé wáyà ẹ̀rọ náà wẹ́wẹ́, ó ti tọ̀ sórí ìyókù, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá. Wáyà mìíràn bí ogún wà níbẹ̀. Fadérera ń fi wọ́n dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí fẹ̀ jù, èyí pẹlẹbẹ jù, èyí kéré jù. Ẹnu ẹ̀rọ náà wọ́ bí ẹnu akàn. Kò sí èyí tó bá a mu.

Ọdẹ́labí ní, "Ṣé wọn kì í tà á ni?"

"Àwọn tó ṣe é ti pa irú ẹnu yìí tì, Bàbá. Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní ká ra ẹ̀rọ tuntun."

"Ṣé ẹ̀rọ tuntun mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí Ìbídùn ṣubú?"

"Rárá o. Èyí nìkan ló mọ̀ ọ́n, kò sì rí ẹnu sọ ọ́. Bí wọ́n bá tún ṣubú, Bàbá, wọ́n lè má dìde mọ́."

Ọdẹ́labí fi aṣọ wé ẹ̀rọ náà, ó so ó mọ́ àyà ara rẹ̀, ó gbé ìbọn, ó kó ẹran òyà gbígbẹ méjì sápò, ó sì kọjú sí Igbó Ẹnu-Ò-Bára-Mu. Gbogbo ọdẹ ló mọ igbó náà, nítorí gbogbo wáyà tí aráyé bá jù nù, ibẹ̀ ló ń lọ. Èmi náà ti dé etí rẹ̀ rí. Òórùn ló lé mi padà, mo sì jẹ́wọ́ níwájú yín.

Nígbà tó wọ inú rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe erùpẹ̀. Wáyà lórí wáyà ni, ó rọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìfun màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Bó bá gbé ẹsẹ̀, wáyà á tẹ̀lé e bí ọbẹ̀ ilá tó ń fà. Òórùn rọ́bà jíjó àti ìtọ̀ eku ni atẹ́gùn ibẹ̀. Kò tí ì rìn jìnnà tí iwin kan fi dìde níwájú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ láti èjìká dé èjìká, eyín mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú rẹ̀, mẹ́tàlá lókè, méjìlá nísàlẹ̀, itọ́ sì ń já wálẹ̀ láàárín wọn bí omi ìgbín. Ìdè irin kọ̀ọ̀kan wà ní etí rẹ̀ méjèèjì.

Iwin náà ní, "Kí lo wá ṣe?"

"Wáyà ni mo ń wá."

"Tèmi nìkan ni wáyà! Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó yẹ láti bá sọ̀rọ̀. Yí ìdè etí mi méjèèjì kó le dáadáa. Bí kò bá le, o ò ní í kọjá."

Ọdẹ́labí yí tọ̀tún, ọyún dúdú tú jáde sí i lọ́wọ́. Ó yí tòsì, ó tún tú jáde. Ó pòṣé, ó nu ọwọ́ mọ́ ewé, ewé náà sì rọ.

Iwin kejì kò jìnnà sí ti àkọ́kọ́, àmọ́ wọn kì í kí ara wọn. Eyín mẹ́sàn-án ló ní, ó sì ń sọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kólòlò. Ní ìkọjá rẹ̀ ni ìbejì kan wà, ẹnu àwọn méjèèjì rí roboto, eyín mẹ́fà mẹ́fà, ọ̀kan wọ aṣọ àwọ̀ ewé, èkejì wọ aṣọ àwọ̀ àlùkò. Ẹnu wọn jọra bí omi àti omi, síbẹ̀ ohun tí o bá gbé fún ọ̀kan kò wúlò fún èkejì. Èyí tó sì burú jù ni òfin tí gbogbo wọ́n jọ ní: wọn kì í rí àlejò àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ pa á, kí wọ́n tún jí i.

Ọdẹ́labí bi wọ́n pé, "Kí ló fà á?"

Wọ́n ní, "Bí a ṣe bá a nìyẹn. Bí nǹkan tuntun bá wọlé, a óò pa gbogbo ilé kú, a óò sì tún un tàn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pa á, tí wọ́n sì jí i, ní ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá lajú, itọ́ iwin ló máa ń bá lójú rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta kílẹ̀ tó ṣú, ká wá wo irú ẹ̀rín tí ẹ ó rín. Nígbà tó sì yọ ẹ̀rọ ẹlẹ́nu akàn náà hàn wọ́n, ṣùtì ni wọ́n yọ sí i. Kò sí ẹni tó mọ ẹnu kankan yàtọ̀ sí tara rẹ̀. Ọdẹ́labí tún so ó mọ́ àyà. Àgbà tí kò mọ̀ ju ẹnu ara rẹ̀ lọ, kí ni ìwúlò irùngbọ̀n rẹ̀?

Ó rìn títí ó fi kan odi ìlú kan. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ètè tí a pa dé. Ọdẹ́labí ti ara rẹ̀ wọ ọ́, ó kọ̀. Ó yí ẹ̀yìn sí iwájú, ó tún kọ̀. Ó yí padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì wọlé gbẹ̀rẹ̀.

Ohùn obìnrin arúgbó kan rẹ́rìn-ín nínú. Ó ní, "Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn tó kọ́ ọ náà ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Ìyá Asopọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n, wáyà sì yí i ká lórí ìjókòó rẹ̀. Ọdẹ́labí kúnlẹ̀ kí i, ó sì ro ẹjọ́ Ìbídùn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyá Asopọ̀ ní, "Ṣé o rí àwọn ẹlẹ́nu tó wà lóde yẹn? Bí gbogbo ayé ṣe rí nígbà kan nìyẹn. Bí o bá fẹ́ so nǹkan mẹ́rin mọ́ kọ̀ǹpútà, oríṣi ẹnu mẹ́rin ni wàá wá. Nígbà tí ìyà náà sú gbogbo ènìyàn, baálé ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ méje tí wọ́n ń bá ara wọn dupò jókòó pọ̀, wọ́n ní kí ẹnu di ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ọmọ aráyé ń pè é ní yúẹ́sìbí. Wáyà mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀. Méjì ń gbé oúnjẹ, méjì ń gbé ọ̀rọ̀. Eyín oúnjẹ gùn ju eyín ọ̀rọ̀ lọ, kí àlejò lè fi nǹkan sẹ́nu kó tó sọ̀rọ̀. A kì í sì í pa ẹnikẹ́ni mọ́ kó tó wọlé."

"Ìyẹn dára, Ìyá."

"Ó dára. Ó fà bí ìgbín níbẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ohun tó yára ní ogójì ìlọ́po. Wọ́n tún fi wáyà kún un, ó tún yára ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹnu tuntun náà kò sì lé baba baba rẹ̀ jáde; ohun àtijọ́ ṣì ń wọ inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n tilẹ̀ padà ṣe ẹnu kan tó ń wọlé yálà o kọ ojú rẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Lọ sí ààfin kí Ọba mọ̀ ọ́. Ẹni tí Ọba kò bá mọ̀, kì í gbé nǹkan kan jáde nílùú yìí."

Ọdẹ́labí wọ ààfin, ó sì fi ohùn ọdẹ kí Ọba. Kíá ni àwọn ẹ̀ṣọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, àtẹ́lẹwọ́ tó ń rùn bí ẹja ọjọ́ mẹ́ta. Nílùú náà, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àfi tí Ọba bá bi í. Àwọn ìjòyè kúnlẹ̀ lọ bẹẹrẹ, Ọba sì ń bi wọ́n kíákíá kí ojú tó ṣẹ́: "O ní ọ̀rọ̀?" "N kò ní." "O ní ọ̀rọ̀?" "N kò ní." "O ní ọ̀rọ̀?" "Mo ní." Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ tí kò sì tí ì kàn án, ọ̀rọ̀ náà ti kan mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń kán sí i ní àgbọ̀n. Wọ́n kúnlẹ̀ sínú rẹ̀, wọn ò nù ún. Ọdẹ́labí yíjú kúrò.

Ó dúró títí, Ọba kò bi í léèrè. Lẹ́yìn náà ló rántí pé ọmọ tó bá ṣípá fún ìyá rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ó na ọwọ́ kan sókè, kò sọ̀rọ̀.

Ọba ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, mo rí ọ. Nọ́ńbà rẹ ni ogójì. Mẹ́tàdínláàádóje ni gbogbo ẹni tí mo lè gbà, má jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ta ni ọ́? Ilé wo lo ti wá? Kí ni iṣẹ́ rẹ? Báwo lo ṣe ń jẹun tó?"

"Ọdẹ́labí ni mí, láti Àgọ́-Ọ̀pọ̀tọ́. Ọdẹ ni mí. Odidi ìkòkò iyán ni mo ń jẹ, n kì í sì í ṣẹ́ kù."

"Ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ máa jẹ, títí n ó fi mọ ìwà rẹ. Wá wáyà rẹ lọ."

Ní ìta ààfin, ọkùnrin kan tẹ́ wáyà sórí aṣọ funfun. Lábíítán lorúkọ rẹ̀. Wáyà rẹ̀ ń dán, ó rọ̀, orí rẹ̀ dà bí wúrà, ọ̀kan nínú wọn sì ní ẹnu akàn. Ọdẹ́labí fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó fún un ní ẹran òyà méjèèjì, ó sáré padà sí ààfin, ó sì ki orí wáyà náà bọ ẹ̀rọ. Iná pupa kékeré tàn lójú ẹ̀rọ náà.

Ó ní, "Ó ti jí! Kábíyèsí, ẹ bi í léèrè!"

Ọba ní, "Ta ni kí n bi? N kò rí ẹnikẹ́ni."

Ó gbé wáyà náà tọ Ìyá Asopọ̀ lọ. Arúgbó náà fi eyín rẹ̀ méjì tó kù ya á. Okùn méjì péré ló wà nínú rẹ̀.

Ó ní, "Oúnjẹ nìkan ni. Wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ kúrò. Ìyẹn ò ní í ná wọn lówó púpọ̀ láti ṣe."

Ọdẹ́labí padà bá Lábíítán. Ó bá a tó ń fi eegun òyà ta eyín. Ó ní, "Ìyàwó mi ń kú lọ, o wá ta ẹnu tó ń jẹ tí kì í sọ̀rọ̀ fún mi?"

Lábíítán gbọn ìka rẹ̀, ó lá a. "Ó dán àbí kò dán? Ta ni ó máa tú u wò?"

Ọdẹ́labí sọ fún mi pé ọwọ́ òun ti dé orí ìbọn. Ó ní ohun tó dá òun dúró kì í ṣe àánú. Ó ní ó rí òun lára pé ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà lè ta sí òun lára. Ó tutọ́ sórí aṣọ funfun náà, ó sì yí ẹ̀yìn padà.

Ìyá Asopọ̀ gba ẹ̀rọ náà, ó fi àtàǹpàkò wo ẹnu rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ọdẹ, wáyà mẹ́rin kan náà ló wà nínú èyí. Yúẹ́sìbí ni. Èdè kan náà ló ń sọ. Ètè rẹ̀ nìkan ni wọ́n wọ́."

"Kí ni wọ́n wọ́ ọ fún?"

"Kí ẹ má baà lè ra wáyà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn."

"Kò sí nǹkan mìíràn?"

"Kò sí."

Ọdẹ́labí jókòó sórí òkìtì wáyà. Gbogbo ọyún àti itọ́ tó ti fara gbá, kò sí èyí tó rí i lára tó ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá Asopọ̀ ní, "Orí tó ní ẹnu akàn wà nínú ikùn Agbémì. Òun ló ń gbé ohun tí ẹ bá jù nù mì. Kì í lọ̀ wọ́n, kì í sì í yà wọ́n."

Agbémì kò ní ojú, kò ní ẹsẹ̀. Ẹnu àti ikùn ni, ó sùn sídìí òkìtì, ó ń mí. Ọdẹ́labí bọ́ ẹ̀wù, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu dé èjìká. Inú rẹ̀ gbóná, ó ń yọ̀, ó ń fa ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ tó ń mu ọmú. Ó ń tọ́ orí wáyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan: pẹlẹbẹ, roboto, kóńkóló, pẹlẹbẹ. Ìka rẹ̀ wá kan ètè akàn. Ó fà á. Agbémì bì gbogbo inú rẹ̀ lù ú láti orí dé ẹsẹ̀. Èmi tí mo ti ha inú erin rí, n kò lè ṣe é. Mo sọ òtítọ́ fún yín.

Ọdẹ́labí gbé orí náà tọ Ìyá Asopọ̀ lọ, arúgbó náà sì fa wáyà yúẹ́sìbí kan tí orí rẹ̀ kan ti já yọ nínú èyí tó yí i ká. Ó ní, "Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìwọ ni wàá so orí náà mọ́ ọn. Pupa àti dúdú ni oúnjẹ. Funfun àti àwọ̀ ewé ni ọ̀rọ̀. Bí o bá fi oúnjẹ sí ibi ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á jóná, ohun tó gbọ́ á sì jóná mọ́ ọn."

Ọdẹ́labí wò ó. Àwọ̀ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin orí náà ti ṣá nínú ikùn Agbémì. Gbogbo rẹ̀ dà bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀. "Ìyá, n kò mọ èyí tó pupa."

"Kí ni mo sọ fún ọ nípa eyín?"

Eyín oúnjẹ ló gùn jù. Ṣùgbọ́n eyín náà kéré ju ohun tí ojú àgbà lè wọ̀n lọ, ìka rẹ̀ sì ń yọ̀. Ó dijú. Ó fi ahọ́n lá a. Bẹ́ẹ̀ ni, ó fi ahọ́n ara rẹ̀ lá èébì Agbémì kúrò lórí eyín mẹ́rin, lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ gùn ju méjì àárín lọ.

Arúgbó náà ní, "Nínú méjèèjì, dúdú ni èyí tó fara kan irin ètè."

Ó tún lá a, ó rí i. Ó fi ìka tó ti ń dẹ okùn fún ẹtu láti ogójì ọdún so dúdú mọ́ dúdú, pupa mọ́ pupa. "Àwọn méjì tó kù ńkọ́?"

"Ìbejì ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá ní bẹ́ẹ̀ ni, èkejì á ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ariwo bá bá wọn lọ́nà, àwọn méjèèjì ló máa bá. Ọba á fi ọ̀kan yọ èkejì, òtítọ́ á sì kù. Bí o bá gbé ọ̀kan sí ipò èkejì, wọn ò ní í jóná. Ọba kàn ò ní í gbọ́ ọ ni."

Wọ́n gbé e lọ sí ààfin. Ẹ̀rọ jẹun, iná rẹ̀ tàn, Ọba kò sì rí ẹnikẹ́ni. Ọdẹ́labí tú ìbejì náà, ó gbé ọ̀kan sí ipò èkejì, ó tún un so. Ẹ̀rọ náà ṣípá sókè.

Ọba ní, "Mo rí ọ. Nọ́ńbà rẹ ni mọ́kànlélógójì. Ta ni ọ́?"

Ohùn kékeré kan ní, "Agbọ́kàn ni mí."

"Kí lo gbé wá?"

Gbogbo ààfin sì gbọ́ ọkàn Ìbídùn. Kì, kì, kì, bó ṣe ń lù nígbà tó ń gún ata, nígbà tó ń sùn, nígbà tó ń bá aládùúgbò jà nítorí ewúrẹ́. Ó dé ọjọ́ karùn-ún. Kì, kì, ó sì dákẹ́. Ọdẹ́labí bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé mọ́kànlá, kí ọkàn náà tó tún lù. Ó ní àwọn ìjòyè onítọ́ yẹn pàápàá dijú.

Ó sáré délé, n kò mọ bó ṣe sá a. Fadérera fi ọwọ́ bo imú nígbà tó rí i, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá òórùn ni tàbí ẹkún. Ó ki wáyà náà bọ kọ̀ǹpútà, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wọlé. Kò pẹ́ tí ó fi ránṣẹ́ ni dókítà pè.

Ó ní, "Ọkàn wọn ń dúró ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò tí ì fún wọn ní oògùn yẹn?"

Fadérera ní, "A ò tí ì fún wọn, sà."

"Ẹ dúpẹ́. Ẹ gbé wọn wá lónìí."

Wọ́n fi ẹ̀rọ kan sábẹ́ awọ àyà Ìbídùn, èyí tó ń ta ọkàn rẹ̀ jí bó bá fẹ́ tòògbé. Kò tí ì ṣubú mọ́ títí di òní.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù wá láti ilé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ agbọ́kàn. Ó gbé tuntun kan wá fún ilé ìwòsàn náà, ó ní ọ̀fẹ́ ni, ó ní kí wọ́n ju ti àtijọ́ nù. Ìbídùn jókòó níbẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu rẹ̀ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹnu tiwa ni, Màmá. Àrà ọ̀tọ̀ ni. Wáyà wa nìkan ló ń wọ̀ ọ́."

Fadérera dojú ẹ̀rọ náà dé láti wò ó. Ètè rẹ̀ ká bí ìkarahun ìgbín.

Àbúrò mi dìde. Àárín oṣù mẹ́ta kò tí ì jẹ́ kí ara rẹ̀ le tán, ó sì di ògiri mú. Ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ Fadérera, ó fi ìka méjì péré mú un jìnnà sí ara, bí ẹni mú òkú eku, ó gbé e lé ọkùnrin náà lọ́wọ́, ó sì nu ìka rẹ̀ mọ́ ìró.

Ó ní, "Ẹ máa gbé e lọ. Ibi tí wọ́n ti kọ́ yín láti máa di ẹnu aláìsàn, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ lò ó."

Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó yà fún ọkùnrin náà kó kọjá. Kò bá a sọ̀rọ̀. Ó kàn fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra kó má baà kan án.

Mo ti sọ tèmi, ọ̀fun mi sì ti gbẹ. Kí ẹni tó bá ní omi tó mọ́ bu díẹ̀ wá fún mi.